ẸNI TÍ KÒ WÒ Ó, KÍ Ó MÁ DÁ A LẸ́JỌ́

Ọ̀rọ̀ ìyànjú láti ọwọ́ àwa àgbà ìjọ fún àjọ̀dún wa ní Àkúrẹ́

Bíbélì kíkà: Orin Dáfídì 19:1-6, Jòhánù 7:45-52, Mátíù 26:36-46

 

Ní ọdọọdún, oore Ọlọ́run ni a máa ń kà sí ojú ìwé yìí: àgàn tó bímọ, aláìsàn tó dìde, ilé ìsìn tí òrùlé rẹ̀ parí. A ó dúpẹ́ nítorí gbogbo ìwọ̀nyí ní ojú ìwé mìíràn. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, a fẹnu kò pé àṣìṣe wa kan ni kí a fi ṣe ìwàásù, nítorí egbò tí a bá fi aṣọ funfun bò kì í jinná. Ẹ fi etí sílẹ̀, ẹ gbọ́.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 2020, ọdún tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé ìsìn mọ́ gbogbo wa sóde, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún fóònù ṣe. Ọmọ dáadáa ni. Òun ní í máa ń bá wa tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe, kì í sì í gba kọ́bọ̀. Àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní London fi ẹrù kan ránṣẹ́ sí i: ọ̀pá kan tí ó nípọn bí itan àgbà, tí dígí wà ní ìdí rẹ̀, tí wọ́n gbé ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Awò awọ̀nàjíjìn ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní tẹlisíkóòpù. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọmọ yìí yóò gbé e jáde sí ẹ̀yìnkùlé, yóò so fóònù rẹ̀ mọ́ ibi tí a ti ń yọjú wò ó, yóò sì kọ ọ́ sí ojú ọ̀run. Nígbà mìíràn, aago méjì òru yóò lù kí ó tó wọlé sùn.

Ẹ kúkú mọ ẹnu ará àdúgbò. Ẹnìkan rí i lóru, ó ní ó ń bá ìràwọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹnìkejì ní ó ń fi ẹ̀rọ fa ìràwọ̀ ọmọ ọlọ́mọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láàárín wa, bí a bá ní ìràwọ̀ lágbájá ń tàn, kádàrá rẹ̀ ni a ń wí. Ìdí nìyẹn tí àyà wa fi já nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí wa ní oṣù November.

A pè é sí ìpàdé àgbà. Ká sòótọ́, a kò bi í léèrè púpọ̀. Ọ̀kan nínú wa ṣí Diutarónómì 18, ẹlòmíràn ṣí Àìsáyà 47, níbi tí Ọlọ́run ti bá àwọn awòràwọ̀ Bábílónì wí. Ọmọ náà ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, mi ò bi ìràwọ̀ ní nǹkan kan o. Fọ́tò ni mò ń yà." A ní kó dákẹ́. A gba awò náà lọ́wọ́ rẹ̀, a tì í mọ́ yàrá tí a ń kó àbẹ́là àti tùràrí sí. A tún ní kí ó má ṣe wọ aṣọ àdúrà fún oṣù mẹ́ta. Ó dọ̀bálẹ̀, ó lọ. Kò fi ìbínú hàn lójú wa, ṣùgbọ́n ẹkún ni ìyá rẹ̀ sun jáde. Láti ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, márùn-ún nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ni kò wá sí ìsìn mọ́.

Ìyá àgbà kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni Ọlọ́run lò láti jí wa. Ó dúró dè wá lẹ́yìn ìṣọ́ òru, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má bínú o. Ta ló yọjú wo inú nǹkan náà nínú yín?" Kò sẹ́ni tó lè fèsì. Ó ní, "Ẹ ò wò ó, ẹ wá dá a lẹ́jọ́." Ó gbé Bíbélì rẹ̀, ó ń lọ sílé. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí á sùn. Àwọn bàbá wa ti wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nikodémù pàápàá bi àwọn Farisí léèrè nínú Jòhánù 7 bóyá òfin gbà wọ́n láyè láti dẹ́bi fún ènìyàn tí wọn kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwa tí a ti wàásù lórí ibẹ̀ rí, àwa gan-an ni a wá di Farisí.

OHUN TÍ A RÍ

A ránṣẹ́ pe ọmọ náà, a ní kó wá fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn wá. Ó ní àsìkò tí a pè é dára, nítorí ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù December, 2020, Júpítà àti Sátọ̀n, àwọn méjì tó tóbi jù nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí oòrùn ká, yóò súnmọ́ ara wọn lójú ọ̀run débi pé ojú awò kan ṣoṣo yóò gba àwọn méjèèjì. Bí ogún ogún ọdún ni wọ́n máa ń pàdé, ṣùgbọ́n láti ọdún 1623 wọn kò tíì súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Oòrùn wọ̀, òṣùpá ìlàjì wà lókè, ìmọ́lẹ̀ méjì sì wà ní ìwọ̀ oòrùn tí wọ́n fara kan ara wọn bí ìbejì. Ìyá àgbà ni a jẹ́ kó kọ́kọ́ wò. Ó wò ó, ó gbé orí sókè wo ojú ọ̀run, ó tún tẹ̀ ba wò ó. Ó pariwo pé, "Ó ní òrùka!" Àwa náà tò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ gba àmì òróró. A rí Sátọ̀n kékeré, òrùka rẹ̀ yí i ká gbọnrangandan. Nítòsí rẹ̀ ni Júpítà wà bí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń dán, àwọn ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ní òṣùpá Júpítà ni wọ́n. Ó ṣàlàyé fún wa pé ìmọ́lẹ̀ Sátọ̀n tó ń wọ ojú wa nígbà yẹn ti gbéra níbẹ̀ láti bí wákàtí kan ààbọ̀. Bí àwọn méjèèjì sì ṣe dà bí ẹni tó fara kanra lójú wa yẹn, àlàfo tó wà láàárín wọn lé ní 700 mílíọ̀nù kìlómítà.

Kò sẹ́ni tó rántí ẹjọ́ mọ́. Bàbá kan tó le jù nínú wa ní ìpàdé ọjọ́sí ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ sí orí iyanrìn. Ọlọ́run ni a yìn. A kò gbọ́ ohùn ìràwọ̀ kankan.

ÌYÀTỌ̀ WÀ NÍNÚ WÍWÒ ÀTI WÍWÒ

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé àwa ti gba ìwòràwọ̀ láyè. Awòràwọ̀ tí Ìwé Mímọ́ lòdì sí ni ẹni tó ń bi ìràwọ̀ pé ta ni yóò là, ta ni yóò kú, ọjọ́ wo ló yẹ kí á gbé ìyàwó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ohun tí a dá sí ipò Ẹni tó dá a. Èyí kò dára, a kò sì ní gbà á nínú ìjọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo ìràwọ̀ láti mọ bí Ọlọ́run ṣe tò ó, iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá ló ń kà. Nígbà tí Olúwa fẹ́ fi títóbi rẹ̀ han Jóòbù nínú orí 38, àwọn ìdì ìràwọ̀ wà lára ohun tí ó nàka sí. Dáfídì náà kọ́ wa nínú Orin 19 pé ojú ọ̀run kì í dákẹ́, tọ̀sán-tòru ló ń ròyìn Ọlọ́run láìlo ahọ́n. Àwọn amòye tó ti ìlà oòrùn wá náà rí ìràwọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ilé, ọmọ inú ilé ni wọ́n forí balẹ̀ fún, wọ́n fi ìràwọ̀ sílẹ̀ síta.

Ẹ tún wo òwe wa: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àwọn baba wa fi òwe yìí bá ẹni tó ń fojú kéré ọmọlàkejì rẹ̀ wí. Awò awọ̀nàjíjìn fi hàn pé òwe náà jinlẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Fífẹ̀ òṣùpá jẹ́ bí 3,474 kìlómítà, Àgùàlà sì fẹ̀ tó 12,104, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ayé wa yìí. Èyí tí a pè ní ajá ju ọ̀gá rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta! Ibi tó jìnnà ló wà, ló fi rí tín-ńtín. Ọ̀dọ́ mélòó ni a ti pè ní ajá nínú ìjọ nítorí pé a jìnnà sí wọn?

Àwa nìkan kọ́ ló ti ṣe irú rẹ̀. Ní oṣù January 1610, Galileo ará Ítálì kọ awò tirẹ̀ sí Júpítà, ó sì rí àwọn òṣùpá mẹ́rin tó tóbi jù tó ń yí i ká. Ó wá dá a lójú pé gbogbo nǹkan kọ́ ló ń yí ayé po. Ní ọdún 1633, ilé ẹjọ́ ìjọ ní Róòmù dá a lẹ́bi nítorí ó ní ayé ló ń yí oòrùn ká. Àhámọ́ inú ilé ló wà títí ó fi kú ní 1642. Ọdún 1992 ni Póòpù John Paul Kejì tó jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn tó dá ẹjọ́ yẹn ṣàṣìṣe. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní 350 ọdún! Àwa kò fẹ́ kí tiwa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ lónìí, nígbà tí ẹni tí a ṣẹ̀ ṣì wà láyé láti gbọ́ ọ.

Ẹ má sì ṣe wí pé iṣẹ́ òyìnbó ni ọ̀rọ̀ òfuurufú. Ní ìlú Àkúrẹ́ wa yìí, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ, FUTA, ti ní sátẹ́láìtì tirẹ̀ rí. Nigeria EduSat-1 ni wọ́n pè é. Àpótí kékeré ni, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ní ìhà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn ará Kyushu ní ilẹ̀ Japan. Ní 2017 ni wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e lọ sókè, ó sì yí ayé po títí di 2019. Ọmọ tí a bí ní Ìjàpọ̀ tàbí Òkè-Àró lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ lọ́la, bí àwa àgbà kò bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹ̀KỌ́ MẸ́TA NÍNÚ FỌ́TÒ PÍLÁNẸ́Ẹ̀TÌ

Láti ìgbà náà wá, a ti jókòó ti ọmọ yìí, a sì ti kọ́ ọgbọ́n lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a mú wá fún yín.

Ẹ̀kọ́ kìíní: fọ́tò kan ṣoṣo kò tó. Ẹ ti wo òkúta nínú odò tó ń ṣàn rí? Òkúta kò mira, omi ló ń mì lójú wa. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí wa ń mi ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀. Bí ẹ bá ya fọ́tò Júpítà lẹ́ẹ̀kan péré, bàìbàì ni yóò rí. Nítorí náà fídíò ni wọ́n ń ká, fún bí ìṣẹ́jú méjì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò ló sì wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò ṣà wọ́n. Èyí tó mì jù, yóò yọ ọ́ sápá kan; àwọn tó dára, yóò tò wọ́n léra wọn títí ojú pílánẹ́ẹ̀tì náà yóò fi jáde kedere. Wọn kò gbọdọ̀ pẹ́ jù níbẹ̀, nítorí Júpítà ń yí ara rẹ̀ po tán láàárín wákàtí tí kò tó mẹ́wàá. Bí ènìyàn bá fi falẹ̀, àwòrán yóò lọ́.

Ẹ̀yin ará, ìjọ nìyẹn! Ìran tí ẹnìkan rí, ó lè mì. Àlá tí ẹnìkan lá, afẹ́fẹ́ ara lè wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé ìran yẹ̀ wò, tí a ń tò ó pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, tí a ń fi Ìwé Mímọ́ ṣà á, kí á tó ní Ọlọ́run ló wí. Lọ́jọ́ tí a ṣe ẹjọ́ ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni méjì péré ni a dì mú, ó sì mì.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹni tó dúró ló ń rí i. Ní ọjọ́ 19 oṣù July 2009, ará Australia kan tó ń jẹ́ Anthony Wesley ń ya Júpítà ní ilé rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ìràwọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe jẹun. Nígbà tó di nǹkan bí ọ̀gànjọ́, ojú ọ̀run kò fi bẹ́ẹ̀ dára mọ́, ó sì fẹ́ palẹ̀ mọ́. Ó wá ronú pé kí òun tún fi díẹ̀ sí i. Nínú díẹ̀ yẹn ló rí àpá dúdú kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun kan ti já lu Júpítà! Ó kéde rẹ̀, àwọn onímọ̀ ńlá tó ní awò ńlá ní Hawaii yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní òótọ́ ni. Ọkùnrin kan ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ohun tí gbogbo ayé kò tíì rí, nítorí pé kò tètè sùn. Olúwa wa náà béèrè wákàtí kan péré lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní Gẹtisémánì, oorun ni wọ́n fi dá a lóhùn. Àwa tí a ń pe ara wa ní aládùúrà, wákàtí mélòó ni à ń ṣọ́ báyìí kí á tó máa wo aago?

Tiwa náà ní ẹ̀rí. Ní oṣù September 2022, Júpítà súnmọ́ ayé ju bó ṣe súnmọ́ ọn láti ọdún 59 sẹ́yìn, bí 591 mílíọ̀nù kìlómítà. Ẹ̀yin mọ oṣù September ní Àkúrẹ́: òjò! Òru mọ́kànlá ni ọmọ yìí gbé awò rẹ̀ jáde. Òru mẹ́sàn-án ni ìkùukùu lé e wọlé. Ní òru kejìlélógún tàbí kẹtàlélógún oṣù náà kọ́; lẹ́yìn tí gbogbo wa ti rò pé ó ti parí ni ojú ọ̀run là fún bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn òjò ńlá, Júpítà sì wà lókè téńté, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí wa. Ó ká fídíò tirẹ̀. Fọ́tò tó ti inú rẹ̀ jáde ni ẹ rí nínú ìwé àjọ̀dún yìí. Ẹ wo àwọn ìgbànú aláwọ̀ ilẹ̀ tó wà lára rẹ̀, àti àmì pupa kan ní ẹ̀gbẹ́. Ìjì ni àmì yẹn. Ó fẹ̀ ju gbogbo ayé yìí lọ, àwọn ènìyàn sì ti ń rí i láti ọdún 1831, ó kéré tán. Ọlọ́run tó ń ṣàkóso ìjì tó tóbi tó báyẹn, ìjì inú ilé tìrẹ kò ní ṣòro fún un. Ẹ wí pé Àmín!

Ẹ tún gbọ́ èyí. Gbajúmọ̀ ọmọ England kan tó ń ya pílánẹ́ẹ̀tì, Damian Peach, máa ń kó ẹrù rẹ̀ rin ìrìn àjò lọ sí Barbados, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwọn ní England, pílánẹ́ẹ̀tì máa ń rẹlẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ tó ń mì, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ olóoru òkè orí ló ń gbà kọjá. Àkúrẹ́ súnmọ́ àárín ayé ju Barbados lọ. Ohun tí ẹlòmíràn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wá, òkè orí wa ni Ọlọ́run fi sí lọ́fẹ̀ẹ́, a sì ń fi orí rẹ̀ ṣẹjọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ohun tó farapamọ́ kò tíì sọnù. Galileo rí Sátọ̀n ní 1610 bí ẹni tó ní etí méjì. Ní 1612, ó tún wò ó, etí ti lọ! Ó yà á lẹ́nu gidigidi. Òrùka ni, kò mọ̀. Òrùka náà fẹ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n ó tín-ínrín, tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í rí i nígbà tí ó bá kọ etí rẹ̀ sí wa. Huygens ará Holland ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1659. Ní ọdún 2025, ó tún ṣẹlẹ̀. Fọ́tò tí ọmọ wa yà ní ìparí ọdún náà, ìlà kan bí òwú abẹ́rẹ́ ló kù lára òrùka tí a rí ní 2020. Ṣé Ọlọ́run ti mú un kúrò ni? Rárá o. Ipò tí a wà sí i ló yí padà. Arábìnrin tó ń gbàdúrà tí kò rí ìdáhùn, arákùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ dúró. Òrùka náà wà níbẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÌKẸYÌN

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ wa nínú gbogbo ìjọ tó wà níbí, bí wọ́n bá fi ẹjọ́ ọmọ kan sùn yín, ẹ kọ́kọ́ yọjú wo inú awò rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń ṣe ohun tí kò yé yín, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó gbààwẹ̀ lé e lórí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe tìtorí àṣìṣe àgbà sá fún Ọlọ́run. Kò sí níbi ìpàdé wa lọ́jọ́ yẹn.

Ìwọ ọmọ wa, a ti bẹ̀ ọ́ nínú yàrá, a tún ń bẹ̀ ọ́ nínú ìwé yìí kí gbogbo ayé lè kà á: a ṣẹ̀ ọ́, dárí jì wá. Nínú àwọn márùn-ún tó lọ nítorí rẹ̀, mẹ́ta ti padà. Méjì kò tíì dé. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ibi tí wọ́n wà, kó sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àti pé a ti gbé awò náà kúrò nínú yàrá àbẹ́là.

Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà. Olúwa Ẹlẹ́dàá ọ̀run, ìwọ tó mọ iye ìràwọ̀, tó tún mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ yìí, dárí ẹjọ́ tí a fi ojú dídì dá jì wá. La ojú inú wa. Fún wa ní agbára láti ṣọ́nà títí ìkùukùu yóò fi kọjá. Mú àwọn tó jìnnà padà wálé. Jẹ́ kí àjọ̀dún yìí san gbogbo wa sí rere. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín, Àmín, Àmín.